Àkọsílẹ̀ ọjà tí ẹ kò bá rí nínú kọ̀ǹpútà ilé yín, bí ẹni pé ẹ kò kọ ọ́ rárá ni

Ká ní obìnrin kan wà n'Ìwórò, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àjídò, tó ń ṣe epo àgbọn tà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ilé ìfowópamọ́ tó ti ń tọrọ ẹ̀yáwó lọ́wọ́ wọn láti bí oṣù mẹ́ta pè é lórí fóònù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó náà ti fẹ́ẹ́ yanjú, àmọ́ kó fi àkọsílẹ̀ ọjà tó tà láàárín ọdún méjì ránṣẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì ẹ̀rọ tó fi ń fún epo, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Inú obìnrin náà dùn, nítorí ó mọ̀ dájú pé gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ ilé òun. Ìgbà tó jókòó síwájú ẹ̀ ló tó rí i pé òun kò mọ ibi tó wà nínú ẹ̀.

Fáìlì kan ń jẹ́ "akosile tuntun", èkejì ń jẹ́ "akosile tuntun gidi", ẹ̀kẹta ń jẹ́ "eyi ni ka lo", iye owó tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bára mu. Fọ́tò ni wọ́n ya rìsíìtì ẹ̀rọ náà, ó sì wà láàárín ọ̀pọ̀ fọ́tò ìsọmọlórúkọ àti ti ọdún Kérésì. Títí di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣì ń ṣí ọ̀kan, ó ń ti ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ lásán ni obìnrin yìí o, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti fi kọ̀ǹpútà ilé ṣòwò rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Láti Ìwórò dé Àjídò, títí wọ inú Àgbádárìgì, ẹni tó ń ta àgbọn, ẹni tó ń sin adìyẹ, ẹni tó ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà tó sì ń kó o lọ fún ará Èkó, télọ̀ àti ẹni tó ni ilé ìwé kékeré, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ọ́fíìsì kankan ju pálọ̀ ilé wọn lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ínfọ́ìsì fún oníbàárà náà ni ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un nílé ìwé, òun ni bàbá fi ń wo fíìmù lálẹ́, òun náà ni wọ́n kó fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà sí. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó burú ni pé gbogbo ẹ̀ wọ́ jọ pọ̀ bí ẹrù inú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀: oníkálùkù mọ̀ pé ẹrù òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n tú bọ́ọ̀sì kó tó rí i.

Ibi tí wàhálà ti ń wá

Kọ̀ǹpútà kì í ṣàdédé da nǹkan rú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó bá wọlé láti ìta ló ní ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń jù ú sí bí ẹni tó ni ín kò bá sọ fún un pé ibòmíràn ni. Ohun tí ẹ bá gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò lọ sínú fódà tó ń jẹ́ Downloads. Ohun tí ẹ bá fi Word kọ, bí ẹ kò bá fún un lórúkọ, Document1 ni yóò máa jẹ́, tàbí kó mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ṣe orúkọ. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ní lẹ́tà mẹ́wàá tó ń jẹ́ "Dear Sir".

Ti WhatsApp tún wá yàtọ̀. Fọ́tò tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ yóò ní irú orúkọ báyìí: IMG-20240312-WA0007. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ọjọ́ ni wọ́n kọ sáàárín ẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024. Ìyẹn wúlò díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n san sí bánkì ni, tàbí àwòrán aṣọ ẹbí.

Ibi tó léwu jù lọ ni ojú kọ̀ǹpútà gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní Desktop. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó gbogbo fáìlì síbẹ̀ nítorí pé bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á rí i. Wọn kò mọ̀ pé inú ibi kan náà tí Windows fúnra ẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní C, ni Desktop, Documents àti Downloads wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, tónítọ̀hún sì ní òun máa "fọ́mátì" ẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa bá a lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́mátì kọ̀ǹpútà yín láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó ti kó fáìlì yín sọ́tọ̀. Bó bá ní òun ti kó o, kó ṣí i kí ẹ fojú ara yín rí i.

Fódà kan ṣoṣo ni ìbẹ̀rẹ̀

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé wọ́n rò pé ètò fáìlì gba ọgbọ́n ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí fódà tuntun kan, kí ẹ sọ ọ́ ní ISOWO, kó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá kan owó yín, inú ẹ̀ ló máa wà. Fíìmù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, fọ́tò ìyàwó kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá fàyè gbà á, ó sàn kí ẹ ṣe orúkọ àbáwọlé ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ, kí tiyín sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà, torí ọmọ tó ń wá àyè fún géèmù kì í mọ èyí tó jẹ́ ínfọ́ìsì nínú ohun tó ń pa rẹ́.

Nínú ISOWO yẹn, ẹ pín in sí ọdún-ọdún: 2024, 2025, 2026. Nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí fódà bíi mẹ́rin: owó tó wọlé, owó tó jáde, oníbàárà, àti ìjọba pẹ̀lú bánkì. Ẹni tó ń sin adìyẹ lè fi fódà kan kún un fún ọ̀wọ́ adìyẹ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní ilé ìwé á ṣe tiẹ̀ ní sáà-sáà. Kí ó má kàn ti pọ̀ jù. Fódà tó wà nínú fódà, tó tún wà nínú fódà mìíràn, tí èèyàn á tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó débẹ̀, kò ní pẹ́ sú ẹni tó ṣe é, á sì padà sí Desktop.

Orúkọ fáìlì ló ṣe pàtàkì ju fódà lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò ti máa ń ṣe àṣìṣe jù. Ẹ fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn, báyìí: 2026-03-12. Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà máa ń to orúkọ bí ìgbà tí wọ́n ń to a-b-d. Bí ẹ bá fi orúkọ oṣù lédè Òyìnbó bẹ̀rẹ̀, April ni yóò ṣáájú, August á tẹ̀lé e, January á wá wà ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, 12/03/2026, Windows kò ní gbà, nítorí pé kì í gba ilà yẹn nínú orúkọ fáìlì, kì í sì í gba àmì ìbéèrè tàbí àmì tótó méjì tí wọ́n tò léra wọn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọjọ́, ẹ sọ ohun tó jẹ́ àti ẹni tó kàn: 2026-03-12_risiiti_igo-epo_Agbadarigi. Ẹni tó bá rí i kò nílò láti ṣí i kó tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ní ti àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ èdè wa, kọ̀ǹpútà òde òní gbà wọ́n nínú orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n bí fáìlì náà bá gba orí ẹ̀rọ mìíràn tó ti pẹ́, orúkọ ẹ̀ lè di wúruwùru. Inú ìwé ni kí ẹ ti kọ Yorùbá tó gún régé. Lára orúkọ fáìlì, ẹ yọ àmì kúrò.

Bí ìwé kan bá sì ní ju ẹ̀dà kan lọ, bí àkọsílẹ̀ iye tí ẹ ń ta ọjà, ẹ jáwọ́ nínú "tuntun" àti "tuntun gidi". Lọ́dún tó ń bọ̀, ti èsì náà á ṣì máa jẹ́ tuntun. Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ ni kí ó fi hàn, èyí tí ọjọ́ ẹ̀ bá sún mọ́ jù ni ẹ ń lò.

Iṣẹ́ tó kù kò ju ìṣẹ́jú ogún lọ lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣírò owó ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí Downloads àti fọ́tò inú fóònù, ẹ kó èyí tó jẹ́ ti ìṣòwò sí fódà ẹ̀, ẹ tún orúkọ ẹ̀ sọ, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Bí rìsíìtì bá jẹ́ oníwèé, ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Ọ̀rọ̀ orí àwọn rìsíìtì tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ POS kì í pẹ́ ṣá, ooru àti ọ̀rinrin etí òkun tiwa yìí sì ń bá wa ṣe é.

Ìwé tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì

Bí fáìlì bá wà létòlétò, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé kó wà níbi tó ju ẹyọ kan lọ, Yorùbá sì ní ìtàn kan lórí èyí tó ti wà kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ìjọ l'Ọ́yọ̀ọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn ilẹ̀ Yorùbá jọ, ó sì parí ìwé ńlá tó kọ lé e lórí ní 1897. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó fún títẹ̀. Ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò rí ìwé náà mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo làálàá náà ì bá parí sí, bí kì í bá ṣe pé ó fi àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́ tí kò tíì gún régé sílẹ̀. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó jẹ́ oníṣègùn l'Ékòó, ló kó wọn jọ tó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Nígbà tó tún máa fi í ránṣẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì lágbedeméjì òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ní 1921 ló jáde, Obadiah pàápàá sì ti kú nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tajà. Èkíní, ìwé tó gún régé ló sọnù, èyí tí kò gún régé ló gba ìwé náà là, nítorí pé ibòmíràn ló wà. Èkejì, ẹlòmíràn ló lo àwọn àkọsílẹ̀ yẹn, ẹni tó kọ wọ́n kò sí láyé mọ́. Ẹ bi ara yín léèrè: bí àìsàn bá dá yín gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé ọkọ yín, ìyàwó yín tàbí ọmọ yín àgbà lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà kó sì rí ẹni tó jẹ yín lówó? Bí ètò fáìlì yín bá yé ẹ̀yin nìkan, kò tíì yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí.

Ẹ̀dà mẹ́ta, ibi méjì, ìta kan

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ òfin kan di gbajúmọ̀ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé títí di òní: kí ẹ̀dà fáìlì jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ẹ̀rọ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé. Ìyẹn kò le fún ará Ìwórò. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà. Èkejì wà lórí fúláàṣì tàbí háàdì ìta tí ẹ ń so mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí lórí fúláàṣì mìíràn tó wà lọ́wọ́ àbúrò yín l'Ẹ́kòó. Bí olè bá wọlé, bí iná bá jó, bí omi bá wọ pálọ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa lọ.

Ẹ má gbàgbé pé ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fúláàṣì kì í lọ sínú Recycle Bin bí ti inú kọ̀ǹpútà, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì ti da nǹkan sí i tán, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà káàkiri orílẹ̀-èdè tó ju àádọ́jọ (150) lọ, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó sì ní kí wọ́n sanwó kí òun tó ṣí i. Fúláàṣì tó bá wà lára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá dé, òun náà á bá a lọ.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Google ń fún ẹnikẹ́ni tó ní àdírẹ́ẹ̀sì Gmail ní àyè 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Microsoft sì ń fúnni ní 5GB lórí OneDrive. Fọ́tò rìsíìtì kan lè tó 3MB. Ìyẹn ni pé àyè Google yẹn lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún rìsíìtì, bí ẹ kò bá fi fídíò òde àríyá kún un. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan bó bá jẹ́ pé ISOWO nìkan ni ẹ ń gbé lọ. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ẹ bá so fódà inú kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín yóò pa rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Google fi ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá jù sínú ìdọ̀tí lórí Drive kó tó gbé e dànù.

Kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀dà wò. Ní 1998, nílé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣèèṣì pa èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù Toy Story 2 rẹ́. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú, ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀dà náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó yọ wọ́n ni pé òṣìṣẹ́ wọn kan, Galyn Susman, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ní ẹ̀dà fíìmù náà lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀, torí pé ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní owó àti ẹ̀rọ ló ṣẹlẹ̀ sí o.

Ohun tí òfin ń wí

Ẹni tó bá ti forúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpìnnì, òfin CAMA ọdún 2020 sọ pé kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣírò owó ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Bí oníbàárà bá sì sẹ́ gbèsè tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, abala 84 nínú òfin ẹ̀rí, Evidence Act ti 2011, fàyè gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, bí wọ́n bá lè fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ń lò déédéé fún iṣẹ́ ọ̀hún, tó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Lọ́yà ni yóò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà kò lè gbé ohun tí ẹ kò rí kalẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tó jáde ní 2023 náà tún wà ńlẹ̀: orúkọ, fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ohun tí gbogbo ọmọ àdúgbò tó bá wá wo fíìmù gbọ́dọ̀ máa rí.

Obìnrin elépo àgbọn ńkọ́? Ọ̀nà ṣì wà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kó má máa ṣí fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Kó lọ síbi ìwákiri nínú kọ̀ǹpútà, kó tẹ orúkọ ẹni tó máa ń rajà jù lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí Windows lè wá ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé Word, kì í ṣe orúkọ fáìlì nìkan. Ní ti rìsíìtì ẹ̀rọ, kó to fọ́tò nípa ọjọ́, kó lọ tààrà sí oṣù tó ra ẹ̀rọ náà, kó sọ wọ́n di àwòrán ńláńlá lójú kọ̀ǹpútà. Rìsíìtì funfun kì í sá pamọ́ láàárín fọ́tò aláṣọ ẹbí. Bó bá ṣe kò rí i, ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún un lè ní ẹ̀dà tiẹ̀, bánkì ẹ̀ sì lè tẹ sítétímẹ́ńtì ọdún méjì náà jáde kó fi ṣe ìrànwọ́ fún àkọsílẹ̀ tí iye ẹ̀ kò bára mu.

Bí owó náà bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kó má dán an wò láti to gbogbo ẹrù ọdún márùn-ún sẹ́yìn lójú kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sú lọ. Kó ṣí fódà kan, kó sọ ọ́ ní ATIJO, kó kó gbogbo ohun tó wà ní Desktop àti Downloads sínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kó ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sórí fúláàṣì, kó sì bẹ̀rẹ̀ ISOWO láti orí rìsíìtì tó bá gbà lọ́jọ́ náà. Ohun tó bá nílò nínú ATIJO ni kó máa yọ, bó bá ṣe ń nílò ẹ̀.